Ọ̀sẹ̀ Ìkẹyìn Pọ́ùn Róbótó

Òórùn owó onírin kì í kúrò lọ́wọ́ bọ̀rọ̀. Òun ni mo máa ń jí bá láràárọ̀ Sátidé nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Peckham. Daddy mi ń wa kábù. Tí wọ́n bá dé láti ibi iṣẹ́ ní kùtùkùtù, wọ́n á bọ́ bàtà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á ṣe àlùwàlá, wọ́n á kírun, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá da gbogbo ṣéńjì tó wà lápò wọn sórí tábìlì ìdáná. Ìró yẹn ló ń jí mi. Kí n tó dé ilé ìdáná, Mummy á ti máa yan búrẹ́dì, omi tíì á ti máa hó, ṣùgbọ́n òórùn irin yẹn ló máa ń ṣíwájú gbogbo wọn, bí ìgbà tí èèyàn bá fi ahọ́n kan kọ́kọ́rọ́.

"Wò ó dáadáa kó o tó fi sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ tí Daddy máa ń sọ nìyẹn. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nípa iṣẹ́ àmúrelé, nípa ọ̀nà tí mo fẹ́ sọdá, nípa ọ̀rẹ́ tuntun tí mo bá mú wálé. Ṣùgbọ́n ní ti owó, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo ṣe gbà á. Màá fa àga sún mọ́ tábìlì, màá máa yí owó náà padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tó bá wù mí, mo lè mú un, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ fi òmíràn tí iye wọn jọra dípò rẹ̀ látinú owó tèmi. Daddy kì í fi ìyẹn ṣeré. Wọ́n ní àwọn ò jí i, èmi náà ò sì gbọ́dọ̀ jí i lọ́wọ́ àwọn.

Ẹ̀yin tá a jọ jẹ́ ọmọdé nígbà náà, ó dájú pé ẹ rántí. Ẹ rántí aádọ́ta péènì tí wọ́n ya bọ́ọ̀lù sí lára, èyí tó ń ṣàlàyé ọ́fúsáìdì, tí àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wa ń jà lé lórí nígbà ìsinmi. Ẹ rántí èyí tó ní ilé gogoro kan láàárín, tí gbogbo èèyàn ń wá kiri, tí ẹnì kankan nínú wa ò rí. Èmi náà wá wọn. Ṣùgbọ́n pọ́ùn ló gba ọkàn mi, pọ́ùn róbótó àtijọ́, aláwọ̀ wúrà, tó nípọn, tó wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe kéré lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Kìnnìún wà lára òmíràn, afárá wà lára òmíràn. Mẹ́rin sì wà tí wọ́n fi àmì ìlú ńlá mẹ́rin sí: London, Belfast, Cardiff àti Edinburgh. Ti Edinburgh ló ṣòro jù láti rí. Ilé olódi kan ló wà lára rẹ̀, lórí àpáta.

Inú agolo bísíkítì ni mo ń kó wọn sí, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Mo máa ń fi ọṣẹ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n títí wọ́n á fi máa dán. Mo rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe fún wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo rí ilé olódi yẹn láàárín ṣéńjì Daddy, mo sì ké débi pé aládùúgbò wa kan ògiri. Mummy ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti ń po ẹ̀kọ.

"Ṣùkúrá, ilé yìí kì í ṣe bánkì o. Kó owó ẹ kúrò lórí tábìlì ká rí ibi jẹun."

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé lọ́jọ́ náà. N kò tíì ní nǹkan tó pé rí.

Ọdún yẹn náà ni ìjọba ní àwọn ń kó pọ́ùn róbótó kúrò nílẹ̀. Tuntun onígun méjìlá ti dé, aláwọ̀ méjì, fífúyẹ́. Wọ́n dá ọjọ́ tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ò ní gba ti àtijọ́ mọ́. Ní tèmi, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. Ohun tí kò ní sí mọ́ ni ohun tó yẹ kéèyàn ní. Nígbà tí ọdún Iléyá dé, mo bẹ gbogbo Aunty àti Uncle tó fẹ́ fún mi lówó ọdún pé róbótó ni kí wọ́n fún mi. Agolo náà wúwo débi pé ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbé e.

Àsìkò yẹn ni Màmá Àgbà, ìyá Daddy, wà lọ́dọ̀ wa. Ìwó ni wọ́n ti wá nígbà tí Mummy bí àbúrò mi, kí wọ́n lè bá wa wẹ ọmọ. Obìnrin kékeré ni wọ́n, wọ́n sì yára rìn ju gbogbo wa lọ. Òwú, bọ́tìnì àti abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń tà ní Ìwó kí wọ́n tó bí Daddy, wọn ò sì tíì jáwọ́. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, kí oṣù kan tó pé, kò sí ẹni tí ò mọ̀ wọ́n ní Rye Lane. Wọ́n á gbé ọmọ sínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi ìborùn wé orí dáadáa, wọ́n á máa lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á máa fi ìka ná ọjà. Àwọn tó ń ta ẹja, tó jẹ́ pé ìlú wọn jìnnà sí tiwa bí ọ̀run ṣe jìnnà sílẹ̀, ń pè wọ́n ní Mama.

Yàrá mi ni wọ́n ń sùn, èmi lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, àwọn ní ìsàlẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí agolo mi.

"Kí lo fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe, Àbẹ̀kẹ́?" Oríkì mi ni wọ́n fi ń pè mí.

N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá. Yorùbá tèmi nígbà yẹn, ti ìkíni àti ti oúnjẹ ni. Mo ní, "Mò ń kó wọn jọ ni, Màmá."

Wọ́n mi orí. Inú wọn dùn. Wọ́n rò pé owó ni mò ń pa mọ́ kí n lè fi ra nǹkan lọ́jọ́ iwájú, bí ọmọ ọlọ́gbọ́n. Bí a ṣe ṣi ara wa gbọ́ nìyẹn, tá a sì jọ ń rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń di irun mi, wọ́n sọ ìtàn kan fún mi. Ìyá tiwọn ń ta ọṣẹ dúdú ní abà kan lẹ́yìn Ìwó. Ṣílè àti sísì ni wọ́n ń ná láyé ìgbà náà. Gbogbo ṣílè tí ìyá náà bá rí ṣẹ́kù, inú ìkòkò kékeré kan ló ń kó o sí, ó fẹ́ fi kọ́ ilé alámọ̀ tí wọ́n á fi páànù bò. Nígbà tí ìjọba sọ owó di náírà àti kọ́bọ̀, àwọn kan wá sọ ọ́ ní abà, ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tó fi máa gbé ìkòkò rẹ̀ dé ìlú, wọ́n ní ọjọ́ ti kọjá. Ó gbé e padà sílé. Àwọn ọmọdé ló fi ṣílè yẹn ta òkòtó.

"Kò sọkún," Màmá Àgbà wí. "Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, tí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ ilé kíkọ́, ó máa dìde kúrò níbẹ̀."

Mo gbọ́ ìtàn náà, ó sì dùn mí. Kò sọ sí mi lọ́kàn rárá pé agolo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló mú wọn rántí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn pọ́ùn róbótó dé. Lọ́jọ́ Tuesday, Màmá Àgbà lọ ra ẹja. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sanwó, ọkùnrin ẹlẹ́ja gba owó róbótó tí wọ́n nà sí i, ṣùgbọ́n ó fi ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù hàn wọ́n. Ó gbé pọ́ùn náà sókè, ó ju ọwọ́ bí ẹni ju nǹkan nù. "Sunday, Mama. Finish." Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ti tó. Wọ́n sáré wálé. Mummy ti gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, Daddy ń sùn, èmi wà níléèwé. Wọ́n fa agolo jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n dà á sínú báàgì ọjà, wọ́n sì padà sí Rye Lane.

Nígbà tí mo dé, àpò ìrẹsì kan wà lẹ́nu ọ̀nà ìdáná, iṣu mẹ́ta dúró ti ògiri. Kóòtù òtútù kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi, aláwọ̀ búlúù, tó ní irun lọ́rùn, tí wọ́n tẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ dì mọ́ èèyàn. Òótọ́ ni pé èyí tí mò ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ ò bo ọrùn ọwọ́ mi mọ́. Màmá Àgbà dúró ti bẹ́ẹ̀dì, ojú wọn ń dán.

"Àbẹ̀kẹ́, mo ti ná an kó tó bàjẹ́. Gbogbo ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè fi owó tìrẹ ta òkòtó."

Mo wolẹ̀, mo fa agolo jáde. Ó fúyẹ́. Mo wo inú rẹ̀, mo tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Mi ò lè jágbe mọ́ Màmá Àgbà. Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Mo wọ bálùwẹ̀ lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo ṣí omi kí wọ́n má baà gbọ́ ẹkún mi.

Daddy ló wá kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n lọ bá ìyá wọn.

"Màmá, bánkì ṣì máa gbà á lẹ́yìn Sunday. Kò lè ṣòfò."

"Ìyá mi náà rò pé kò lè ṣòfò," Màmá Àgbà wí.

"Kì í tiẹ̀ ṣe ti kó ná an. Àwòrán ẹ̀yìn ẹ̀ ló ń wá. Ó pẹ́ tó ti ń wá wọn."

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Màmá Àgbà pè mí. Ojú wọn ti yí padà. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n sọ fún àwọn bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe rí. Mo mú ìwé àti pẹ́ńsù, mo ya àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí mo dé orí ti Edinburgh, wọ́n gbé ìwé náà súnmọ́ ojú.

"Ilé lórí àpáta," wọ́n wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Èyí yẹn ló ṣòro jù."

"Tó o bá ti ilé ìwé dé lọ́la, má bọ́ bàtà. A jọ ń jáde ni."

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ kóòtù tuntun, mo tẹ̀ lé wọn. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin ẹlẹ́ja la kọ́kọ́ dé, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ra èyí tó pọ̀ jù, títí kan àpò ìrẹsì. Èrò pọ̀. Yìnyín ń yọ́ lábẹ́ ẹja, omi rẹ̀ ń ṣàn bọ̀ síta. Màmá Àgbà tì mí síwájú.

"Sọ fún un pé mo ṣe àṣìṣe."

Mi ò tíì gbọ́ kí àgbàlagbà sọ gbólóhùn yẹn rí. Ẹnu mi wúwo. Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà dá ọ̀bẹ dúró.

"Sọ fún un pé owó tí mo ná lánàá, ti ọmọ yìí ni. Kì í ṣe owó tí wọ́n ń ná. Sọ fún un pé mo fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú owó bébà tèmi, tí ò bá ní bínú."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn tó tò sẹ́yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọkùnrin náà wo Màmá Àgbà, ó wò mí, ó wá fi épúrọ́ọ̀nù rẹ̀ nu ọwọ́. Ó wọlé lọ, ó gbé àpò ọ̀rá kan tó fẹ́ gbé lọ sí bánkì jáde, ó sì dà á sórí pákó. Èmi àti Màmá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò. A rí Cardiff. A rí London. Obìnrin kan tó wá ra ẹja gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀, ó ń bá wa wá a, kò tiẹ̀ béèrè ìdí. A ò rí ilé olódi.

A dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ta kóòtù. Ó ti fi tiwa ṣe ṣéńjì fún ẹlòmíràn. A dé ọ̀dọ̀ Aunty oníṣu, tó jẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn. Èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ kéré, Belfast sì wà níbẹ̀. Nígbà tí Màmá Àgbà ṣàlàyé fún un, ó di orí mú.

"Àlájà, ṣé torí àwòrán lẹ ṣe ń rin gbogbo ọ̀nà yìí?"

"Torí ọmọ mi ni," Màmá Àgbà dáhùn. "Àwòrán lòun ń fẹ́."

Ìwé tí mo yà wà nínú àpò wọn. Wọ́n yọ ọ́ jáde, wọ́n fi ilé orí àpáta náà han Aunty oníṣu. Ó ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, ó ní òun máa fi ránṣẹ́ sí àwọn tó mọ̀.

Bí wọ́n ṣe sọ Màmá Àgbà di oníṣòwò pọ́ùn róbótó nìyẹn. Ní gbogbo ìyókù ọ̀sẹ̀ náà, bí wọ́n bá ti ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kan kọjá, ẹnì kan á pè wọ́n, á na ẹ̀kúnwọ́ owó sí wọn, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹsẹ̀, wọ́n á dá a padà. Tí mo bá ti ilé ìwé dé, wọ́n á ròyìn fún mi: kìnnìún pọ̀, ẹranko abìyẹ́ kan tún wà tí àwọn ò mọ orúkọ rẹ̀. Dírágọ́nì ni. Màmá Àgbà ti mọ àwòrán ẹ̀yìn gbogbo owó náà, àwọn tí ò lè ka A lára ògiri.

Lọ́sàn-án Sátidé, Aunty oníṣu ránṣẹ́ pè wá. Ó ti kó èyí tí àwọn oníbàárà fún un láàárọ̀ sínú abọ́ ike. Èmi ni mo kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ló rí i. Wọn ò pariwo. Wọ́n mú un láàárín ìka méjì, wọ́n gbé e sọ́dọ̀ ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sí mi lọ́wọ́.

"Ṣé òun nìyí?"

Òun ni. Bóyá èyí tó kúrò nínú agolo mi gan-an ni, bóyá òmíràn ni. Mi ò lè mọ̀, mi ò sì béèrè.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kí Màmá Àgbà tó padà sí Ìwó, Daddy gbé wa wọ rélùwéè ní Peckham Rye, wọ́n mú wa lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin arúgbó kan tó ń ta owó àtijọ́ ní ọjà kan láàárín ìlú. Mo ti rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé àwọn kan ń pe owó gọbọi lé irú èyí tí mo ní. Mo ti ń ronú ohun tí màá rà fún gbogbo ilé. Ọkùnrin náà wò ó lábẹ́ awò. Ó ṣe pẹ̀lẹ́ pẹ̀lú mi. Ó ní ó ti gbó, ọwọ́ ti pọ̀ lára rẹ̀ jù, wọ́n sì ti fọ mẹ́ta yòókù tí mo kó wá, ohun tí a kì í ṣe. Iye tó pè lè ra bàtà kan, bàtà tí kò wọ́n.

"Bi í pé ta ló máa rà á," Màmá Àgbà wí.

Mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gan-an máa san ìdajì iye tí òun pè, nítorí òun náà ní láti tà á. Ó ní àwọn tó ń pe ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kàn ń pè é ni, kò sí ẹni tó ń san án. Mo túmọ̀ rẹ̀. Màmá Àgbà na ọwọ́ sí i, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ bí oníṣòwò méjì.

"Olóòótọ́ ni. Ṣé ká tà á, Àbẹ̀kẹ́?"

"Rárá, Màmá."

Mo rò pé wọ́n á bá mi jiyàn. Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ìborùn wọn nu owó náà, wọ́n dá a padà fún mi.

"Owó yìí ti kú, bíi ti ìyá mi," wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀. Ìyá mi ò mọ̀ ni."

Mo ti dàgbà báyìí. Brockley ni mò ń gbé, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé ayálégbé ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo èèyàn ló ń fi káàdì sanwó, ṣéńjì ti di ohun tí à ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, kò sí oṣù tí ẹnì kan nínú wa kì í gbé fóònù wá bá mi pé, "Ṣùkúrá, wò ó, wọ́n ń ta péènì méjì yìí ní iye tó lè ra mọ́tò. Ṣé kí n tọ́jú tèmi?" Ìdáhùn mi kì í yí padà. Tó bá jẹ́ pé èrè lo ń wá, ná an, kó o fi ra oúnjẹ ọ̀sán. Èyí tó níye lórí lóòótọ́ kò pọ̀, èyí tí kò tíì gbó lọ́wọ́ èèyàn ló sì ń pa owó. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé o fẹ́ mọ ohun tó ń gba ọwọ́ rẹ kọjá, tọ́jú ọ̀kan nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, má fọ̀ ọ́, má sì retí ohunkóhun. Mo máa ń sọ ọ́ láìṣiyèméjì. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ní ti owó, mo gbọ́n ju ọmọ yẹn lọ fíìfíì. Òun ló ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ owó, tó ń fi ojú inú ra nǹkan fún gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn dúró níwájú àlejò, tí èrò ń kùn lẹ́yìn rẹ̀, ó fi ẹnu tí kò dá a lójú sọ ohun tí wọ́n rán an, kò fi nǹkan kan bò ó. Èmi tí mo wá dàgbà, ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń yí ọ̀rọ̀ po kí n tó béèrè ohun tó tọ́ sí mi. Ní oṣù tó kọjá, mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá mi. Iṣẹ́ ẹni méjì ni mò ń ṣe láti ìgbà tí ẹni tá a jọ ń ṣe é ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, owó ẹnì kan ni mò ń gbà. Mo ti kọ àlàyé gígùn sórí fóònù. Nígbà tí mo dé iwájú rẹ̀, mo pa fóònù náà. Mo ní kó fi kún owó mi, mi ò fi nǹkan kan bò ó.

Ọ̀gá mi fa àga kan síwájú mi, ó ní kí n jókòó.